Omi Tó Gun Ògiri

Ọdún tí èjìká ọ̀tún Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ di ẹni tó ń wẹ̀ fún un. Apá yẹn kan náà ló fi po ìyẹ̀fun láti ìgbà ọmọge, òun ló fi ń ti páànù búrẹ́dì wọnú ààrò títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Àfi bí apá ṣe ní ó tó gẹ́ẹ́, tí kò gòkè kọjá àyà mọ́. Dókítà ní oríkèé ibẹ̀ ló gan, kí ó máa nà án díẹ̀díẹ̀, kí ó sì ní sùúrù. Sùúrù kọ́ ló wọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan kò lè gbé abọ́ omi, kó tún fọ orí, kó tún nu ọṣẹ kúrò lójú. Láràárọ̀, ó di dandan kí ó jókòó sórí àpótí inú balùwẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, kí ọkọ rẹ̀ máa bu omi lé e lórí.

Ọkọ náà kì í sì í ṣe ẹni tó mọ omi í bù. Télọ̀ ni, Bàbá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sí aṣọ tó lè ṣe agídí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan abọ́ àti garawa, ọwọ́ kan náà a di ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí kò bá da omi tútù sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn láìkìlọ̀, a fi ọṣẹ gún un lójú.

"Ẹ rọra, Bàbá. Ilé kọ́ ló ń jó."

"Mo ń rọra náà nìyẹn."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń rọra nìyí, Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí ọjọ́ tí ẹ máa kánjú."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì parí ìwẹ̀. Bàbá Abẹ́rẹ́ rò pé ẹ̀rín yẹn ti tó, àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tó jí tí kò rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́ ìró abọ́ tó já lulẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó bá a ní títì láti inú. Abọ́ tún já. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi èèyàn tó ń mí bí ẹni tó ń gbé ẹkún mì. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ padà sórí ibùsùn, ó dijú bí ẹni tí kò tíì jí. Nígbà tí obìnrin náà wọlé, ara rẹ̀ tutù, irun rẹ̀ gbẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá Abẹ́rẹ́ sọ fún àkọ́bí wọn obìnrin lórí fóònù. Ìlú mìíràn ni ìyẹn ń gbé. Kò pẹ́ tí páálí kan fi dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orí ṣáwà ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán yinrin, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ihò ojú rẹ̀ wínníwínní bíi ti asẹ́.

"Màmá á kàn dúró sábẹ́ rẹ̀ ni," ni ọmọ náà wí. "Omi á máa rọ̀ lé wọn lórí, wọn ò ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Páìpù kan ti wà lára ògiri balùwẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé ló fi í sílẹ̀, tó fi ìdérí dí i lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí. Bàbá Abẹ́rẹ́ gun àga, ó tú ìdérí, ó fi òwú ìránṣọ wé ẹnu páìpù náà dáadáa kó má bàa jò, ó sì yí orí ṣáwà mọ́ ọn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti apá ọ̀tún, ó wò ó láti apá òsì. Ó gún régé. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá, inú ìyẹn sì dùn débi pé kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dán an wò. Ó lé ọkọ jáde, ó tilẹ̀kùn, ó fi omi díẹ̀ ra ọṣẹ sórí, ó ra á títí ó fi hó kùù, ó wá yí ẹ̀rọ.

Omi jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ihò mẹ́ta péré ní ẹ̀gbẹ́ kan ló ti ń kán, tó, tó, tó, bí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

Bàbá Abẹ́rẹ́ ń retí ìró omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́, kò sì lọ sókè rárá.

"Bàbá, ẹ gbé abọ́ bọ̀."

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò bá a sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ yẹn. Ó gbé tíì síwájú rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì tì í, ó sì kọjú sí fèrèsé. Bàbá Abẹ́rẹ́ jẹ búrẹ́dì náà bí ẹni ń jẹ páálí. Kí ó tó jẹ ẹ́ tán ni ó ti pinnu pé òun yóò ránṣẹ́ pe Ìyá Páìpù.

Obìnrin gíga kan ni Ìyá Páìpù, púlọ́ńbà tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì ti ń wọ ṣòkòtò iṣẹ́ láti ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń yíjú wò ó lójú títì. Ìyá Oníbúrẹ́dì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í ṣe ọkùnrin ni yóò máa wọlé jáde ní balùwẹ̀ òun. Ó dé, ó gbójú sókè wo ṣáwà, ó na ọwọ́ kan òwú tó yọrí jáde níbi ọrùn rẹ̀.

"Ta ló rán ṣáwà mọ́ ògiri?" ló bi wọ́n.

Ẹ̀rín pa Ìyá Oníbúrẹ́dì, gbogbo ìbínú tó ti dì mọ́ra láti àárọ̀ sì tú ká. "Ẹ bi í, ẹ bi í. Ó kù díẹ̀ kó fi bọ́tìnnì sí i."

Bàbá Abẹ́rẹ́ gbà fún wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ìyá Páìpù jáde sẹ́yìn ilé, ó lọ wo táńkì. Orí pèpéle búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni táńkì náà wà, ìdí rẹ̀ kò sì ga ju èjìká èèyàn lọ. Pọ́ńpù ló ń fa omi láti inú kànga sínú rẹ̀, láti inú rẹ̀ ni omi sì ń gba inú páìpù lọ sí ilé ìdáná àti balùwẹ̀.

"Táńkì yín kúrú," ló wí.

"Kò kúrú. Omi tó ń gbà ń tó wa lò."

"Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, Bàbá. Ibi tó dúró sí ni."

"Ṣé o ti ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná wa rí? Omi ibẹ̀ ń tú jáde bí ẹni tí inú ń bí."

"Torí pé ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn wà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín."

Ó lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó fa rọ́bà gígùn kan jáde, irú èyí tó mọ́ gaara tí èèyàn fi ń rí inú rẹ̀. Ó ki ẹnu kan bọ ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ nínú balùwẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń gba omi sí garawa, ó fi wáyà dè é pinpin. Ó na ẹnu kejì sókè lára ògiri títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ó sì ní kí Bàbá Abẹ́rẹ́ gun àga bá òun dì í mú.

"Ó máa tú sí mi lára."

"Kò ní tú."

"Ẹ̀rọ lo fẹ́ ṣí yẹn, ẹnu rọ́bà sì là sílẹ̀."

"Ẹ ṣáà dì í mú, Bàbá."

Ó ṣí ẹ̀rọ. Omi wọ inú rọ́bà, ó ń gun ògiri lọ sókè. Bàbá Abẹ́rẹ́ dijú, ó yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dúró de ìgbà tí omi máa dà lé òun. Omi kò dà. Nígbà tó lajú, ó rí i pé omi náà ti dé ibì kan lára ògiri, ní ọ̀gangan òkè fèrèsé, ó ń fì síwá fì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Ẹ̀rọ ṣì wà ní ṣíṣí gbayawu. Rọ́bà tó kù lókè ṣófo, ọ̀nà là, kò sí ìdènà kankan. Síbẹ̀, omi kò tún lọ.

"Kí ló dá a dúró?" Bàbá Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé òun ti rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Ibi tí ojú omi wà nínú táńkì nìyẹn. Kò ní í kọjá ibẹ̀, kò sì ní í dúró sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀."

"Táńkì wo? Ti ẹ̀yìn ilé?"

"Táńkì yín."

Bàbá Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ nínú àpò, ó fi fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dúró sí, ó sì jáde. Ó gbé àpótí sídìí pèpéle, ó gùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ara táńkì láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè, ó ń dún bí igbá òfìfo. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ó tún kàn án, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Lójijì, ìró náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di bí ẹni ń kan ògiri. Ó mọ̀ pé ojú omi nìyẹn. Ó fi ìka sí ibẹ̀, ó yíjú wo fèrèsé balùwẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìka rẹ̀ àti òkè fèrèsé dọ́gba rẹ́gí.

Orí rẹ̀ wú. Ó ti gbé ilé yìí tọ́ ọmọ dàgbà, ó ti fi omi yìí wẹ̀, ó ti fi í rẹ aṣọ, ó ti fi í pa iná, kò sì mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń bẹ nínú rẹ̀. Ó padà wọlé.

"Ògiri méjì ló wà láàárín wọn," ló wí. "Omi inú rọ́bà ò rí táńkì. Báwo ló ṣe mọ̀?"

Ìyá Páìpù jókòó sí etí garawa, ó ń wo rọ́bà náà bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Ìbéèrè tí mo bi bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn. Wọ́n ní omi kan náà ni, kò mọ̀ pé wọ́n fi ògiri dá òun sí méjì. Láti ìgbà yẹn, mi ò tíì rí àlàyé tó dára jù ú lọ."

Ó wá fi hàn wọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló wà láàárín orí ṣáwà àti ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ibi tí omi bá ti ga ju ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ gbà jáde ló ti ń rí agbára, agbára omi wọn kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ náà lọ. Nílé ìdáná, ẹ̀rọ wà ní ọ̀gangan ìbàdí, ìdí nìyẹn tó fi ń bínú.

"Tí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀ lé màmá lórí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sókè. Ẹsẹ̀ irin ni a máa kàn fún un. Ìdí táńkì gbọ́dọ̀ ga ju òrùlé ilé ìdáná lọ dáadáa, kí n sì fi páìpù tó sanra ju èyí lọ gbé e wálẹ̀."

Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n wẹ́dà tí yóò kan ẹsẹ̀ irin ní iṣẹ́ ń bẹ níwájú òun, kí wọ́n ṣe sùúrù. Bàbá Abẹ́rẹ́ bẹ Ìyá Páìpù pé kí ó fi rọ́bà náà sílẹ̀ fún òun títí dìgbà yẹn. Ìyẹn wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi í sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ aṣọ ṣe dúró. Ẹ̀wù oníbàárà kan wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, apá kan ti wà lára rẹ̀, apá kejì ń retí. Balùwẹ̀ ni Bàbá Abẹ́rẹ́ wà. Bí ìyàwó rẹ̀ bá fọ abọ́ ní ilé ìdáná, á wo bí omi ṣe ń já wálẹ̀ díẹ̀ lára ògiri. Bí aládùúgbò bá wá gba garawa kan, á tún lọ wò ó. Kò sí omi tó kúrò nínú táńkì tí rọ́bà kò sọ.

"Ṣé ẹ fẹ́ gbé rọ́bà yẹn níyàwó ni?" Ìyá Oníbúrẹ́dì bi í.

"Wá jókòó síbí. Wò ó, kí o má gbé ojú kúrò. Mo fẹ́ lọ tan pọ́ńpù."

"Mo ní iṣẹ́ láti ṣe."

"Jọ̀ọ́, Ìyá wọn. Díẹ̀ báyìí."

Ó jókòó sórí àpótí tó kórìíra yẹn. Bàbá Abẹ́rẹ́ jáde, ó tan pọ́ńpù, ó sì dúró sábẹ́ fèrèsé balùwẹ̀. Omi ń gòkè lọ sínú táńkì, ó ń dà gììrì nínú ibẹ̀. Ó rò pé ìyàwó rẹ̀ ti dìde lọ.

"Bàbá." Ohùn náà jẹ́jẹ́ láti òkè fèrèsé.

"Hùn."

"Ó ń mí."

"Kí ló ń mí?"

"Omi yìí. Ó ń lọ sókè sódò bí àyà ọmọ tó ń sùn."

Ó sáré wọlé. Òótọ́ ni. Bí omi ṣe ń já sínú táńkì lóde ni èyí tó wà nínú rọ́bà ń wú tó sì ń rọ̀, tó ń wú tó sì ń rọ̀, ó sì ń fi bẹ́ẹ̀ gun ògiri lọ láìkánjú, ó kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti na ìka ọwọ́ òsì sí ara rọ́bà náà, ó fi kàn án bí ó ṣe máa ń fi kan ìyẹ̀fun pípò lábẹ́ aṣọ, láti mọ̀ bóyá ó ti wú tó. Láyé rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ tó ń gòkè fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó gbé e ni ìyẹ̀fun, ọjọ́ tó sì kọ́kọ́ rí i nílé ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á.

"Láti ọjọ́ tí a ti kó dé ilé yìí," ló wí, "bó ṣe ń ṣe nínú ògiri nìyí, tí a ò mọ̀."

"A ò mọ̀."

Bàbá Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ ń wò ó gòkè. Kò sẹ́ni tó rántí pọ́ńpù títí omi fi kún táńkì tó ń dà sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, tí aládùúgbò fi gbá ilẹ̀kùn wọn láti béèrè bóyá wọ́n wà láyè.

Nígbà tó yá, wẹ́dà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó irin dé. Wọ́n kan ẹsẹ̀ mẹ́rin ró, wọ́n fi irin gbọọrọ dábùú ara wọn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbìn ín sílẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó gan dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé táńkì gòkè, wọ́n tú gbogbo omi inú rẹ̀ dànù, Ìyá Páìpù sì fọ ẹrẹ̀ tó ti sùn sí ìdí rẹ̀. Àwọn wẹ́dà fà á sókè pẹ̀lú okùn, àwọn aládùúgbò sì ń ti ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kálukú ń pa àṣẹ, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnìkejì. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gun àkàbà. Ó ní ọkọ kan ṣoṣo ni òun ní, apá òun ò sì lè gbé e nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà wọlé lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní omi mu, Bàbá Abẹ́rẹ́ gun àkàbà. Ìyá Páìpù ń so páìpù mọ́ ìdí táńkì lókè níbẹ̀. Ó rí i, ó kàn na ọwọ́ kan dì í ní apá mú.

Inú táńkì ni Bàbá Abẹ́rẹ́ fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìgbà tó yíjú, àdúgbò ló rí. Kò wo àdúgbò rẹ̀ láti òkè rí. Òrùlé lẹ́yìn òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé kọ̀ọ̀kan, táńkì kan: dúdú, búlúù, èyí tí oòrùn ti bó, èyí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé, èyí tó wà lórí irin gíga bíi tiwọn yìí. Wọ́n lọ títí ojú kò fi lè kà wọ́n mọ́. Ní ìsàlẹ̀, èèyàn ń sá aṣọ, ẹnìkan ń fọ ọkọ̀, ọmọdé ń sunkún. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Omi rẹpẹtẹ wà lókè orí gbogbo wọn, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń ti ìdí páìpù, ó ń dúró de ẹni tó máa ṣí ẹ̀rọ. Bàbá Abẹ́rẹ́ rò ó wò pé bí èèyàn bá lè so rọ́bà mọ́ ara ilé kọ̀ọ̀kan, á rí omi tó dúró lára gbogbo ògiri àdúgbò, kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó máa purọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú.

"Bàbá, ṣé òòyì ló ń kọ́ yín?"

"Rárá o. Mò ń wò ni."

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Ìyá Páìpù wí. "Èmi náà máa ń wò ó. Tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́ lókè, tí ẹnì kan ò bá pè mí, mo máa ń pẹ́ kí n tó sọ̀."

Ohùn Ìyá Oníbúrẹ́dì ló mú wọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn wẹ́dà ṣì ń sọ ọ́ kiri.

Wọ́n jẹ́ kí omi kún táńkì, kí oòrùn ọ̀sán sì pa á. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn pé jọ sí balùwẹ̀. Ìyá Páìpù ti yọ rọ́bà kúrò, ó ti tú òwú Bàbá Abẹ́rẹ́ dànù, ó ti fi ṣáwà síbi tó yẹ. Ó yí ẹ̀rọ. Ògiri kùn hùùù. Ṣáwà wúkọ́, ó tu itọ́ díẹ̀, ó sì dákẹ́. Wọ́n wojú ara wọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ti so aṣọ ìnura mọ́ èjìká, bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kúrò.

"Ẹ má lọ, Màmá," ni Ìyá Páìpù wí. "Afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù. Omi ò lè kọjá lára rẹ̀, òun náà ò sì mọ ọ̀nà ilé."

Ó ṣí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ gbayawu. Ẹ̀rọ náà tu afẹ́fẹ́ pàà, pàà, ó pọ omi dúdú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó jẹ́ kí ó ṣàn títí kò fi wúkọ́ mọ́, ó wá rọra tì í. Lókè, ohun kan lọ fìì nínú ògiri. Lẹ́yìn náà, láti gbogbo ihò ojú ṣáwà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi rọ̀.

Ó kún, ó dọ́gba, ó ń lu ilẹ̀ gbàràgbàrà bí àtẹ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ láti ojú fèrèsé sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ti omi náà nísinsìnyí. Wọ́n ti pa pọ́ńpù tipẹ́. Òkè tó wà nìkan ló ń fi agbára fún un. Bàbá Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí i. Oòrùn gbogbo ọ̀sán wà nínú rẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

"Ẹ jáde fún mi," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

Wọ́n jáde. Ìyá Páìpù kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀. Bàbá Abẹ́rẹ́ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí ìró omi yí padà nígbà tí ara èèyàn wọ abẹ́ rẹ̀. Ó dúró de kí ìyàwó rẹ̀ kọrin, nítorí ó máa ń kọrin ní balùwẹ̀ láyé àtijọ́. Kò kọrin. Kò tiẹ̀ gbọ́ ìró kànìnkànìn tàbí ọṣẹ. Omi nìkan ló ń dún. Ó pẹ́ títí tí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

"Ìyá wọn, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí."

"Kí lò ń ṣe?"

"N ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn dúró."

Nígbà tó jáde, irun rẹ̀ ń kán omi, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Ọkọ rẹ̀ gbé aṣọ ìnura, ó ń bá a nu ẹ̀yìn irun.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó yà mí lẹ́nu?" ló wí. "Láti ìgbà tí mo ti dáyé, tí mo bá ń wẹ̀, ọwọ́ mi kan ni ó ń wẹ̀. Èkejì ń bu omi ni. Ìgbà tí ẹ̀yin náà ń wẹ̀ fún mi, mò ń ṣọ́ ọwọ́ yín ni, kí ẹ má bàa da omi lójijì. Lónìí, mo sọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, omi ò sì dúró. Kò sẹ́ni tó ń bù ú, kò sẹ́ni tó ń rò ó bóyá ó ti tó. Ó ṣáà ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ wẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára táńkì. Á dúró sábẹ́ rẹ̀, á jẹ́ kí omi gbígbóná máa lu èjìká ọ̀tún. Bàbá Abẹ́rẹ́ padà sídìí ẹ̀wù alápá kan, ó rán an tán. Òun náà ń wọ abẹ́ ṣáwà nígbà tirẹ̀, kì í sì í tètè jáde. Àárọ̀ kò lọ láìjẹ́ pé ó yọjú sí ẹ̀yìn ilé, kó gbójú sókè wo táńkì fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó mu tíì.

Ìrọ̀lẹ́ kan, ìyàwó rẹ̀ pè é láti balùwẹ̀. Ohùn náà kò lọ sókè, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó mú kí ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí aṣọ tó ń gé. Ilẹ̀kùn kò sí ní títì. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró sábẹ́ omi, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọwọ́ náà kọjá àyà, ó kọjá àgbọ̀n, ìka rẹ̀ sì ti kan iwájú orí rẹ̀. Omi ń gba àárín àwọn ìka náà ṣàn wá sójú rẹ̀.

Bàbá Abẹ́rẹ́ fara ti ẹnu ọ̀nà, omi ń ta sí i lára, ó sì ń wo ọwọ́ náà.